Ẹ ka àwọn ọmọ kí ẹ tó tún ilé-ìwé Èkó ṣe

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ìròyìn, mo sì dúpẹ́ àyè tí ẹ máa ń fún àwa òǹkàwé láti sọ tẹnu wa. Ọ̀rọ̀ àwọn ilé-ìwé ìjọba ní ìpínlẹ̀ Èkó ni mo fẹ́ sọ, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ láti ìgbà tí mo ti wà ní ọ̀dọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ní ọdún 2025, Kọmíṣọ́nnà fún ètò ẹ̀kọ́, Ọ̀gbẹ́ni Jamiu Alli-Balogun, jábọ̀ fún àwọn akọ̀ròyìn pé ìjọba san owó tó lé ní bílíọ̀nù kan ààbọ̀ náírà fún àwọn ọmọ 58,188 tí wọ́n ṣe ìdánwò WAEC ti ọdún 2024, àti pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tí kò rí kírẹ́díìtì márùn-ún tó ní Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò nínú gbà. Láti ìgbà náà, ibi gbogbo tí mo bá dé ni wọ́n ti ń wá ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi rù. Àwọn kan ní fóònù ló kó bá àwọn ọmọ. Àwọn kan ní àwọn òbí ti kọ́wọ́ lẹ́rán torí pé ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tó pọ̀ jù ló ní ọ̀lẹ ni àwa olùkọ́, kò sì sí bí mo ṣe lè sọ pé kò sí ọ̀lẹ láàárín wa.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ariwo yìí, n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bi ìjọba pé ọmọ mélòó ló wà níwájú olùkọ́ kan nínú kíláàsì tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ti jáde wá. Mo gbà pé títí a ó fi dáhùn ìbéèrè yẹn, láti ilé-ìwé kan sí èkejì, tí a ó sì fi ìdáhùn náà pín olùkọ́ àti yàrá ìkàwé, gbogbo àtúnṣe tí Aláúsá, ibùjókòó ìjọba Èkó, bá ń ṣe kò ní dé ibi tí wọ́n rán an, títí kan èyí tó dára nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ inú kíláàsì SS2 kan ní agbègbè Alimọ́ṣọ́. N kò ní dárúkọ ilé-ìwé náà, torí pé irú rẹ̀ pọ̀ lọ súà. Àádọ́rùn-ún ọmọ ló wà níbẹ̀. Bẹ́ǹṣì tí káfíńtà ṣe fún ẹni méjì ni ọmọ mẹ́rin jókòó lé. Ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun, ìdajì ìdí rẹ̀ ló rí pákó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì wà ní ojú ọ̀nà tí ó yẹ kí olùkọ́ máa gbà kọjá. Bí olùkọ́ bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn tó wà lẹ́yìn ń kọ, àfi kí ó ní kí ìlà mẹ́ta dìde fún òun, nítorí náà kì í lọ sẹ́yìn. Àwọn tó wà lẹ́yìn mọ̀ pé kò ní í wá. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí táàmù bá wọlé, gbogbo ọmọ ti mọ ìlà tí ẹ̀kọ́ máa ń dé mọ.

Kí ẹ wá wo ti ìwé mímáàkì. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ní kíláàsì márùn-ún, tí àádọ́rùn-ún ọmọ wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìwé 450 ni yóò kó sílẹ̀ bí ó bá fún wọn ní iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ó bá lo ìṣẹ́jú méjì péré lórí ìwé kan, wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn, láìjẹun, láìsinmi, láìwọ bọ́ọ̀sì lọ sílé. Ìṣẹ́jú méjì kò sì tó láti ka àròkọ ojú ìwé kan, ká má tíì sọ pé kí a fi han ọmọ náà níbi tí gbólóhùn rẹ̀ ti yà. Ohun tí olùkọ́ náà máa ń ṣe ni pé yóò fi bíírò pupa fa ìlà gbọọrọ kọjá lórí ojú ìwé, yóò buwọ́ lù ú, yóò kọ déètì, kí alábẹ̀wò tó bá dé lè rí i pé a ti máàkì. Àròkọ tó yẹ kí ọmọ máa kọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ wá di ẹ̀ẹ̀kan ní táàmù. Nígbà tí ọmọ yẹn bá wá dé iwájú ìdánwò WAEC, tí wọ́n ní kí ó kọ lẹ́tà sí olóòtú ìwé ìròyìn, bí èyí tí mo ń kọ yìí, ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn tí yóò kọ irú rẹ̀ láyé rẹ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó ka méjì àkọ́kọ́ dé ìdí. Ẹ tún ní kí n wá bú ọmọ náà.

Kì í ṣe pé Èkó kò mọ bí a ṣe ń ṣe é. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, Ìkẹjà, Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì wà nínú rẹ̀; ìlú Èkó fúnra rẹ̀ tó wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 1957. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ tún wá gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo orílẹ̀-èdè kalẹ̀ ní ọdún 1976, àwọn ọmọ ya wọ ilé-ìwé bí omi òjò, yàrá tó wà kò sì gbà wá. Mo sọ pé "wá" nítorí mo wà lára wọn. Àwọn kan ń wá láàárọ̀, àwọn mìíràn ń wá lọ́sàn-án, lórí bẹ́ǹṣì kan náà, ẹni tó sì wà ní ọwọ́ ọ̀sán máa ń ti jẹun yó, á ti jìyà oòrùn kí ó tó débẹ̀, oorun ló máa ń fi ẹ̀kọ́ sùn. Ìyá mi tó ń tajà kò mọ ìgbà tí ilé-ìwé ń wọlé mọ́ àti ìgbà tó ń jáde. Ọmọ tó bá ń rìn káàkiri ní aago mẹ́wàá àárọ̀ lè máa sọ pé ọwọ́ ọ̀sán lòun wà, kò sì sẹ́ni tó lè já a.

Nígbà tí Alhaji Lateef Jakande di gómìnà ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 1979, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 605 ló bá nílẹ̀, ó sì sọ wọ́n di 812. Girama 105 ló bá, ó sọ wọ́n di 223. Àkọsílẹ̀ ìjọba rẹ̀ fi hàn pé nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ ọdún 1980, yàrá ìkàwé 11,729 ni wọ́n ti kọ́, tí wọ́n sì là á sílẹ̀ pé ogójì ọmọ ni kò gbọdọ̀ lé nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ètò àárọ̀ àti ọ̀sán dópin. Àwọn alátakò rẹ̀ pe àwọn yàrá náà ní ilé adìẹ, nítorí ògiri wọn kò ga, wọn kò sì lẹ́wà. Òótọ́ ni pé òjò wọ àwọn mìíràn nínú wọn, mo ti fi garawa gbe omi nínú ọ̀kan rí. Síbẹ̀, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí ni ibi tí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Wọn kò bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun èlò, wọn kò sì bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ ètò tó dùn ún pè. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí iye ọmọ, wọ́n fi ogójì pín in, wọ́n sì ń kọ́ yàrá títí tó fi ku díẹ̀ kí ó kárí. Láti ìgbà tí àwọn ológun ti gbàjọba ní ìparí ọdún 1983, n kò tíì rí ìjọba kankan ní Èkó, ti ológun tàbí ti alágbádá, tó tún fi nọ́ńbà kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ ṣe òpó tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ yóò dúró lé.

Ìlú sì ti kúrò níbi tí àwọn ilé-ìwé wà. Ọ̀pọ̀ ilé ìgbé ní Ìsàlẹ̀ Èkó ló ti di ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìkẹ́rùsí. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti kó lọ sí Ìkọ̀tún, Ìgàndò, Ayọ̀bọ́ àti Ìkòròdú. Ìkànìyàn tí a ṣe gbẹ̀yìn ní Nàìjíríà ni ti ọdún 2006. Nínú rẹ̀, àjọ ìjọba àpapọ̀ ní ènìyàn 9,113,605 ló wà ní Èkó, ìjọba Èkó sì ní àwọn ka tiwọn, àwọn rí 17,552,942. Ní Alimọ́ṣọ́ nìkan, àjọ náà ka 1,277,714, ìjọba ìpínlẹ̀ ka iye tó lé ní mílíọ̀nù méjì. Láti ọjọ́ yẹn, a kò tíì ka ẹnikẹ́ni mọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí wọ́n bí lọ́dún náà ti tó ìbò dì. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé-ìwé sí Alimọ́ṣọ́ lónìí, nínú nọ́ńbà méjèèjì tó ti gbó yìí, èwo ni yóò tẹ̀ lé?

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ní Aláúsá yóò sọ pé ìjọba ń ka àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ́dọọdún. Òtítọ́ ni, èmi náà ti wà lára àwọn tó ń kún fọ́ọ̀mù rẹ̀ rí. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ohun tí wọ́n ń fi nọ́ńbà náà ṣe. Wọn a kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọn a fi iye olùkọ́ pín in, wọn a sì wá sọ fún wa pé ní ìpíndọ́gba, olùkọ́ kan sí ọmọ báyìí-báyìí, ó sì máa ń dára létí. Ìpíndọ́gba ló ń pa wá. Ilé-ìwé kan ní abúlé lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́ tó ní ọmọ mẹ́rìnlá nínú kíláàsì, àti èyí tó ní 106 ní Ayọ̀bọ́, bí ẹ bá kó wọn pọ̀ tí ẹ pín in sí méjì, ọgọ́ta ni yóò jáde. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ kan ṣoṣo nínú àwọn méjèèjì tó jókòó sí kíláàsì ọlọ́gọ́ta. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí ní ọmọ 35 ni kí olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan máa kọ́. A lè mú ìlànà náà ṣẹ lórí ìwé ní ìpínlẹ̀ Èkó lọ́la, kí ọmọ kan má sì rí àǹfààní rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn olùkọ́. Mo ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé-ìwé kan tí ó sún mọ́ ojú títì dáadáa, tí bọ́ọ̀sì ń já ènìyàn sẹ́nu gétì rẹ̀. Olùkọ́ Social Studies tó wà níbẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn mìíràn nínú wọn ní kíláàsì méjì péré lọ́sẹ̀, àmọ́ a kò ní olùkọ́ Físíìsì kan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ló dá owó jọ tí wọ́n fi ń san nǹkan díẹ̀ fún ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, kó máa wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Gbogbo ẹni tó bá ní ẹnì kan lókè ló ń wá bí wọn yóò ṣe gbé òun wá sí irú ibẹ̀ yẹn. Ẹni tí kò lẹ́nìkan ni wọ́n ń kó lọ sí ibi tí àwọn ọmọ pọ̀ sí. N kò dá ẹni tó ń sá fún owó ọkọ̀ lẹ́bi. Owó oṣù olùkọ́ tó bá ń ti Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́ lójoojúmọ́, àwọn awakọ̀ ló ń bá a ná an. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá jẹ́ kí ìrọ̀rùn olùkọ́ pinnu ibi tí olùkọ́ yóò wà, kí ó má ṣe yà wọ́n lẹ́nu nígbà tí èsì ìdánwò bá jáde.

Àwọn òbí ti fi ẹsẹ̀ wọn dáhùn tipẹ́tipẹ́. Nígbà tí wọ́n ka àwọn ilé-ìwé aládàáni ní ìpínlẹ̀ Èkó ní ọdún 2010 sí 2011, 12,098 ni wọ́n rí, ìlọ́po ìlọ́po iye àwọn ti ìjọba. Kì í ṣe olówó ló ń lọ síbẹ̀. Ìyá tó ń ta ata ní Ìpájà, tó ń san owó ilé-ìwé díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí ẹni san àjọ, ohun tó ń rà ni pé kí ọmọ rẹ̀ má gba títì márosẹ̀ kọjá, kí olùkọ́ sì mọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ilé alájà kan tí ilé-ìwé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fàájì ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, tó sì pa àwọn ọmọ, gbogbo ayé ló bá onílé àti onílé-ìwé wí, wọ́n sì jẹ̀bi. Díẹ̀ ló béèrè pé kí ló dé tí ilé tó ti gbó láàárín àdúgbò fi di ibi tí òbí yóò fi ọmọ rẹ̀ sí.

Àwọn ìjọba tó tẹ̀ lé ara wọn láti ọdún 1999 kò jókòó lásán, ó yẹ kí a fi òtítọ́ fún wọn. Ìgbà ìjọba Bọ́lá Tinúbú ni wọ́n pín girama sí méjì, kékeré àti àgbà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀gá tirẹ̀. Wọ́n tún pín gbogbo ìpínlẹ̀ sí ẹkùn ẹ̀kọ́ mẹ́fà, láti Àgége títí dé Òṣòdì, tí olùkọ́ àgbà tó wà ní ipò akọ̀wé àgbà ìjọba sì ń darí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ràn apá kan nínú ìyẹn: olùkọ́ tó bá fi gbogbo ayé rẹ̀ sínú iṣẹ́ lè dé òkè láìfi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọgbà kan náà, lẹ́yìn gétì kan náà, ẹ lè rí ọ̀gá méjì, tàbí mẹ́rin pàápàá, igbákejì wọn, akápò wọn, àti ọ́fíìsì gbogbo wọn. Àwọn yàrá tó di ọ́fíìsì wọ̀nyẹn, kíláàsì ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ọmọ tó sì bẹ̀rẹ̀ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ LASUBEB, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń mójú tó àwọn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, yóò kúrò lọ́wọ́ wọn bọ́ sọ́wọ́ ẹkùn ẹ̀kọ́ nígbà tó bá dé girama, bẹ́ẹ̀ ni n kò rí i kí ìwé kankan tẹ̀ lé e láti ibì kan dé èkejì tó ń sọ fún olùkọ́ JSS1 pé ọmọ yìí kò tíì mọ ìwé kà. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò wádìí rẹ̀, láàárín àádọ́rùn-ún.

Èyí tó sún mọ́ ọkàn mi jù nínú gbogbo àtúnṣe náà ni èyí tí wọ́n fi owó Báńkì Àgbáyé ṣe, tí wọ́n ń pè ní Eko Project, láti ọdún 2009 títí di 2016. Mílíọ̀nù 95 dọ́là ni owó àkọ́kọ́ tí wọ́n yá. Ohun tó mú un yàtọ̀ ni pé owó ń dé àkáǹtì ilé-ìwé fúnra rẹ̀. Mo jókòó nínú ìpàdé tí ọ̀gá ilé-ìwé wa, àwa olùkọ́ mélòó kan àti àwọn aṣojú òbí ti jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú, àwọn kan ní kí a ra oògùn àti ìgò fún yàrá sáyẹ́ǹsì, ìyá kan tó ń ta aṣọ sì yarí pé bẹ́ǹṣì lòun fẹ́, pé ọmọ òun ń padà sílé pẹ̀lú ìrora ìdí. Ìyá náà ló borí. Káfíńtà àdúgbò ló ṣe é, òun kan náà ló ń tún un ṣe nígbà tó bá yẹ̀, torí pé ọmọ tirẹ̀ náà wà níbẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni ní Aláúsá tó lè mọ̀ pé bẹ́ǹṣì ló kù wá kù. Nígbà tí gbèsè náà parí, ètò náà bá a lọ. Bí ọ̀gá ilé-ìwé bá fẹ́ ṣe páálí fèrèsé kan lónìí, lẹ́tà ni yóò kọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni EKOEXCEL, ètò tí ìjọba Èkó fi fẹ́ tún ìkọ́ni ṣe, dé sí àwọn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020. Wọ́n fún olùkọ́ ní tablet tí ẹ̀kọ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ti wà nínú rẹ̀, ohun tí yóò sọ, ìbéèrè tí yóò bi, ìṣẹ́jú tí yóò lò. Àwọn ojúgbà mi tó kọminú sí i pọ̀, wọ́n ní wọ́n ti sọ olùkọ́ di agbóhùnsáfẹ́fẹ́. Èmi kò bá wọn lọ pátápátá. Mo ti rí olùkọ́ tó ti ogún ọdún wá tó ń ka nótì kan náà tó ti di pupa, tablet sàn ju ìyẹn lọ. Ó sì tún jẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tó wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ohun tí kò lè ṣe ni kí ó gbọ́ ọmọ. Nígbà tí tablet bá ní kí olùkọ́ yí kíláàsì ká, kí ó wo iṣẹ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ọmọ mélòó ni ẹni tó kọ ìtọ́sọ́nà náà lérò pé ó wà níbẹ̀? Ó ní iye kan lọ́kàn, ó dájú pé kì í ṣe iye tó wà ní Àjẹ́gúnlẹ̀.

Ti èdè wa náà rí bẹ́ẹ̀, mo sì mọ̀ pé ẹ̀yin àti àwọn òǹkàwé yín kò ní fẹ́ kí n fò ó. Ní oṣù kejì ọdún 2018, Gómìnà Akínwùmí Ambode buwọ́ lu òfin tó sọ Yorùbá di ẹ̀kọ́ dandan ní gbogbo ilé-ìwé ní Èkó, ti ìjọba àti ti aládàáni. Inú mi dùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn nínú ìwádìí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970 pé àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ní gbogbo ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń ṣe dáadáa ju àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò gbẹ́yìn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kì í kọ́ni ní ìwé. Ọdún tí òfin náà jáde, ilé-ìwé tí mo wà kò rí olùkọ́ Yorùbá kún èyí tó wà. Olùkọ́bìnrin kan náà ló gba gbogbo kíláàsì tuntun kún tirẹ̀, ó sì fi bíírò pupa fa ìlà gbọọrọ bíi ti àwa yòókù.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀, kò sì ní orúkọ tó dùn ún pè. Kí ìjọba kọ iye ọmọ àti iye olùkọ́ inú kíláàsì kọ̀ọ̀kan sí ara ògiri gétì gbogbo ilé-ìwé, kí olùkọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan hàn níbẹ̀ pẹ̀lú, kí wọ́n máa yí i padà ní táàmù kọ̀ọ̀kan, kí òbí tó ń kọjá lè kà á. Kí wọ́n fi nọ́ńbà yẹn gbé olùkọ́ láti ibi tó pọ̀ sí lọ sí ibi tí kò sí, kí wọ́n sì fi owó ọkọ̀ lé owó oṣù ẹni tí wọ́n bá gbé lọ síbi tó jìnnà. Kí yàrá tuntun, ìbáà rí bí ilé adìẹ, kọ́kọ́ lọ sí Alimọ́ṣọ́, Ìkòròdú àti Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn, kí a tó tún ilé-ìwé mìíràn kùn ní àwọ̀ tuntun níbi tí kíláàsì ti ṣófo. Kí owó díẹ̀ tún máa dé àkáǹtì ilé-ìwé, kí àwọn òbí máa jókòó sí ìnáwó rẹ̀.

Wọn yóò ní owó dà. Òfin ẹ̀kọ́ dandan ti ọdún 2004 ti ya owó sọ́tọ̀ ní àpò ìjọba àpapọ̀ fún ìpínlẹ̀ tó bá mú ìdajì tirẹ̀ wá fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti JSS, Èkó kì í sì í ṣe ìpínlẹ̀ tí kò lè mú tirẹ̀ wá. Ìpín olùkọ́ kò sì ná wọn ní nǹkan púpọ̀. Inú bíbí àwọn tó ní ẹnì kan lókè ló ń ná wọn. Wọn yóò tún ní bí Èkó bá tún ilé-ìwé rẹ̀ ṣe, àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn yóò ya wọ̀lú láti Àgbàdo àti Ìjokò. Wọ́n ti ń wá tipẹ́. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn wá, a jọ ń jókòó ni, a kàn kì í kà wọ́n.

Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fẹ́ fi bẹ ìwé ìròyìn yín. Bí táàmù tó ń bọ̀ bá ti wọlé tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí ìforúkọsílẹ̀ ti parí, ẹ gba ìyọ̀ǹda, kí ẹ rán akọ̀ròyìn kan lọ sí Ìkọ̀tún tàbí Ayọ̀bọ́. Kí ó má wulẹ̀ jókòó sí ọ́fíìsì ọ̀gá. Kí ó dúró sí ojú fèrèsé JSS1, kí ó ka orí àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀, kí ó ka bẹ́ǹṣì, kí ó béèrè iye olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Ìṣirò. Lọ́jọ́ kejì, kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ náà ní Ìsàlẹ̀ Èkó tàbí ní Ẹ̀pẹ́. Kí ẹ gbé nọ́ńbà méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ní ojú ewé àkọ́kọ́, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ fún kọmíṣọ́nnà láti fèsì.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìpájà, Èkó.